Bírékà tó ń sùn: bí ìtọ́jú ọdọọdún ṣe fi àìsàn pánẹ́ẹ̀lì wa pamọ́

Aago méjì òru kọjá ogún ìṣẹ́jú ni kébù kan bẹ́ ní ilé ẹ̀rọ omi. Kò sí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Kébù náà ti gbó, omi ti ń wọ ibi tí wọ́n ti so ó, ó sì ti wà nínú ìwé àwọn ohun tí a fẹ́ pààrọ̀. Bírékà tirẹ̀, súìṣì ńlá tó ń gé iná bí ìṣòro bá dé, nìkan ló yẹ kó já. Omi ìbá dúró ní apá kan, àwa ìbá sì fara balẹ̀ wá ibi tó ti bẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé iṣẹ́ ló ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bírékà àgbà, èyí tó ń gba iná wọlé fún gbogbo wa, ti já.

Òkùnkùn náà kọ́ ló dùn mí jù. Oṣù mẹ́jọ péré ṣáájú ni a ṣe ìtọ́jú bírékà kébù yẹn, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sì mọ́ tónítóní: láti ìgbà tí a pàṣẹ kó já títí ó fi já, mílísẹ́kọ́ǹdì 43 ló gbà. Mílísẹ́kọ́ǹdì kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá; ms ni mo máa kọ láti ibí lọ. Àwọn tó ṣe bírékà náà ní kó má ju 60 ms lọ. Lójú ìwé, ara rẹ̀ le koko.

Èmi ni mo ń darí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìpín-iná níbẹ̀ nígbà náà. Mo fẹ́ kọ bọ́rọ̀ náà ṣe lọ sílẹ̀, àti ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, torí ó dá mi lójú pé ètò ìtọ́jú tí a ń lò nígbà yẹn ṣì pọ̀ níta.

Ojú àti ọwọ́

Pánẹ́ẹ̀lì 14, ìyẹn àpótí irin tí bírékà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, ló tò nínú yàrá iná, gbogbo wọn jẹ́ 11 kV (fóltì 11,000), bírékà inú wọn sì jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní vacuum, tí ẹnu rẹ̀ ń là níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì 1 ló ń gba iná wọlé. Pánẹ́ẹ̀lì 8 wà níbẹ̀ bí àfirọ́pò. Àwọn tó kù ń pín iná lọ sí tíránsífọ́mà àti mọ́tò ńláńlá. Relay ni ojú, bírékà ni ọwọ́. Bí relay bá rí i pé iná tó ń kọjá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á rán iná 110 V láti ara bátìrì sí kọ́ìlì kékeré kan. Kọ́ìlì á gbá ìkọ́ tó di sípíríìngì mú, sípíríìngì á tú, ẹnu bírékà á là, iná á gé.

Relay pánẹ́ẹ̀lì 1 náà ń rí iná tó ń ya lọ síbi tí kébù ti bẹ́, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kó fi 300 ms dúró de èyí tó wà níwájú rẹ̀. Iye yìí wọ́pọ̀ láàárín relay ìgbàlódé: ó gba àkókò tí bírékà kékeré fi ń já, ó gba àṣìṣe díẹ̀ nínú ìwọ̀n, ó sì tún ṣẹ́kù. Bí kékeré bá ti parí iṣẹ́ láàárín àkókò yẹn, àgbà á mójú kúrò.

Relay a máa kọ ohun tó rí sílẹ̀, títí kan àsìkò. Nígbà tí a fa àkọsílẹ̀ méjèèjì jáde, tí a tò wọ́n lé ara wọn, ohun tí a rí nìyí. Ká pe ìgbà tí relay pánẹ́ẹ̀lì 4, ti kébù tó bẹ́, pàṣẹ ní òdo. Ní 300 ms, relay àgbà pàṣẹ tirẹ̀. Ní 349 ms, bírékà àgbà ti já, iná ti gé. Ní 378 ms, bírékà pánẹ́ẹ̀lì 4 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá já.

Ẹ tún un wò. Nígbà tí bírékà pánẹ́ẹ̀lì 4 fi máa la ẹnu, kò sí iná kankan mọ́ tó máa gé. Wọ́n ti palẹ̀ mọ́ kó tó débi iṣẹ́.

Ohun tí a kọ́kọ́ fura sí

Relay ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, mo sì fi ìdajì ọjọ́ ṣòfò lórí rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ojú wa a máa lọ síbi tí kọ̀ǹpútà wà, torí ibẹ̀ la ti lè jókòó wá ẹ̀bi. Kò sí ẹ̀bi lára relay. Ó rí, ó pàṣẹ lásìkò.

Ó ku bátìrì. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè ní 110 V lójú mítà, kó sì já wálẹ̀ nígbà tí kọ́ìlì bá fà á. A fi lóòdù, ìyẹn ohun tó ń fa iná, dán an wò, ó dúró gbọn-in. A wọn kọ́ìlì, ìdènà rẹ̀ bá ti ìwé mu. A wá gbé bírékà náà síbi ìdánwò, a so ẹ̀rọ ìwọ̀n-àkókò mọ́ ọn, a pàṣẹ: 46 ms. Lẹ́ẹ̀kejì, 44. Lẹ́ẹ̀kẹta, 44. A ṣe é nígbà mẹ́wàá, kò sí ọ̀kan tó ju 46 lọ.

Ní ìpàdé ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ní aago relay ló purọ́. Kò burú bí àbá, ṣùgbọ́n relay méjèèjì ń gba àsìkò láti orísun kan náà, ìṣirò wọn sì bá ara mu títí dórí bírékà àgbà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí pé a kò rí ìdí, ká sì pààrọ̀ bírékà náà fún ìfọ̀kànbalẹ̀.

Oníṣẹ́ kan wà láàárín wa tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ìpàdé. Bí a ṣe ń dìde ló ní, "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ kó sùn ná."

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ sọ?"

"Ẹ ti jí i. Láti òru yẹn, ó ti já lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti fà á jáde, ẹ ti gbá a nígbà mẹ́wàá. Kò sí bó ṣe máa lọ́ra mọ́. Èyí tí kò tíì jí lára wọn ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ sì dé bá a lójú oorun."

Ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ọdún kan, ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń ké. Tó o bá ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó o wá pe ẹlòmíì pé kó wá gbọ́, ilẹ̀kùn náà á dójú tì ọ́. Ìtìjú tó bá mi níbẹ̀ ni pé ohun tí Bàbá sọ kì í ṣe tuntun. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìjá àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ òótọ́ nípa bírékà tó ti dúró pẹ́. Mo ti kà á rí. Mi ò kàn fi wé ètò tí èmi fúnra mi ń tẹ̀lé.

Pánẹ́ẹ̀lì 11

Pánẹ́ẹ̀lì 11 ń fún tíránsífọ́mà kan níná, kò sì tíì já láti ìgbà ìtọ́jú. A bá àwọn tó ń lo iná níbẹ̀ ṣètò pé a máa gbé lóòdù wọn sí òmíràn lọ́jọ́ Sunday. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan súìṣì, a fi kíláǹpù kékeré kan, irú èyí tó ń wọn iná DC (irú iná tí bátìrì ń mú wá), há wáyà kọ́ìlì mọ́ inú àpótí relay, a sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń yàwòrán bí iná ṣe ń lọ. Kò sí ṣíṣí nǹkan kan, kò sí fífà jáde, kò sí fífọ́n epo. A pàṣẹ kó já.

131 ms.

A tì í padà, a tún pàṣẹ: 52. Lẹ́ẹ̀kẹta: 45. Ọmọkùnrin tó ń ka ìwọ̀n náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ara rẹ̀ ti yá." Ká ní ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìkan la ní, à bá ti kọ 45 sínú ìwé, ká sì ti ilẹ̀kùn.

Àwòrán iná kọ́ìlì ló tún sọ̀rọ̀ jù. Lára bírékà tó dá, iná inú kọ́ìlì á gòkè, á fà sẹ́yìn díẹ̀ ní nǹkan bíi 14 ms, á tún gòkè, lẹ́yìn náà á ṣubú pátá. Fífà sẹ́yìn yẹn ni ìgbà tí ọ̀pá inú kọ́ìlì gbéra. Ṣíṣubú náà ni ìgbà tí bírékà ti já, tí súìṣì kékeré ara rẹ̀ sì gé iná kọ́ìlì. Nínú àwòrán àkọ́kọ́ ti pánẹ́ẹ̀lì 11, ọ̀pá gbéra ní 14 ms bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, iná náà gòkè dé ṣóńṣó, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀ fún ohun tó ju 100 ms lọ. Ìyẹn ni pé bátìrì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kọ́ìlì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pá sì ti lọ gbá ìkọ́. Ìkọ́ ni kò fẹ́ tú. Àwòrán kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ti dá ẹni mẹ́ta láre, ó sì nawọ́ sí ìkẹrin. Ewu kejì tún wà níbẹ̀: kọ́ìlì yìí, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ìkọ́ bá lẹ̀ jù, kọ́ìlì á jóná, bírékà kò sì ní já rárá.

A fà á jáde, a tú ìdérí iwájú rẹ̀. Gíríìsì tó wà lórí bẹ́ríìnì ìkọ́ ti di àwọ̀ igi. Mo fi èékánná họ ọ́, ó ṣí ní pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ bí ìda àbẹ́là. Ìyẹ̀fun eruku wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí gíríìsì ti yọ́ kúrò ti gbẹ fúrúfúrú, irin ń kan irin.

Kí ló fọ gíríìsì yẹn lọ? Mo mú ìwé ètò ìtọ́jú wa jáde. Ìlà keje: "Fọ́n epo sí gbogbo ibi tó ń yí, jẹ́ kó já kó sì tì nígbà márùn-ún." Ìlà kẹsàn-án: "Wọn àkókò tó fi ń já." Epo inú agolo, irú tí wọ́n fi ń tú bóòtù tó ti dípẹtà, ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fọ́n. Epo náà ń yọ́ gíríìsì, ara bírékà á yá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá ti fẹ́ tán, ohun tó máa kù sílẹ̀ ni gíríìsì tó ti ṣàn kúrò níbi tó wúlò, tí ìyókù rẹ̀ sì dì. Lọ́dọọdún là ń ṣe é. Lọ́dọọdún là ń fi ọwọ́ ara wa ba bírékà jẹ́, à ń jí i lójú oorun, a wá ń wọn bó ṣe yá tó.

Èmi ni mo kọ ìwé ètò náà, ọdún mẹ́fà ṣáájú. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Láàárín oṣù méjì, a wọn ìjá àkọ́kọ́ gbogbo pánẹ́ẹ̀lì 12 tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àyè bá ṣe yọ. Tí a bá ka 11, àti 4 tó ti dá wàhálà sílẹ̀, mọ́ ọn, mẹ́ta ló ju 100 ms lọ nínú 14. Mẹ́rin wà láàárín 60 sí 100. Méje dá. Púpọ̀ nínú àwọn méje tó dá sì ni àwọn tí mò ń bẹ̀rù jù: ti mọ́tò tó ń tan tó ń kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni ara rẹ̀ le. Èyí tó ń sinmi ló ń ṣàìsàn. Síbẹ̀, ètò wa fún gbogbo wọn ní ìtọ́jú kan náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ẹni fún gbogbo ọmọ ilé ní bàtà ìwọ̀n kan.

Ohun tí Waddington rí

Nígbà ogun àgbáyé kejì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bìrìtìkó kan tó ń jẹ́ C. H. Waddington wà lára àwọn tó ń ṣèwádìí fún Coastal Command, ẹ̀ka ọmọ ogun òfuurufú tó ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá. Wọ́n ń yẹ ọkọ̀ òfuurufú wọn wò lẹ́yìn wákàtí 50 tó bá ti fò. Èèyàn á rò pé lẹ́yìn àyẹ̀wò ni ìbàjẹ́ òjijì máa kéré jù, kó tó wá máa pọ̀ sí i bí wákàtí ṣe ń gorí wákàtí. Òdìkejì ló rí: gẹ́rẹ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò ni ìbàjẹ́ ń pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ló ń rọlẹ̀. Àyẹ̀wò náà ń ba nǹkan jẹ́.

Ní 1978, Nowlan àti Heap, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún United Airlines, kọ ìwádìí kan fún ilé iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ọjọ́ orí ń mú kó sún mọ́ ìbàjẹ́. Ìdá 68 ló jẹ́ pé ìgbà tó ṣì wà ní tuntun, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe, ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Pánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú, mi ò sì ní gbé iye yẹn wá lé bírékà lórí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kan wa: iṣẹ́ yìí tí à ń ṣe lọ́dọọdún, kí ló ń dènà gan-an?

Mo jókòó pẹ̀lú Bàbá àti ọmọkùnrin tó ń ka ìwọ̀n, a bi ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà léèrè bẹ́ẹ̀. Ìlà 41 ni. A pa 19 rẹ́.

Bóòtù

Èyí tó fa ariyanjiyàn jù nínú àwọn tí a pa rẹ́ ni fífún bóòtù. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ iṣẹ́ á mú sípánà, wọ́n á tún gbogbo bóòtù bọ́ọ̀sìbà, ọ̀pá irin tó ń gbé iná láàárín pánẹ́ẹ̀lì, fún. Ó dà bí ìtọ́jú tòótọ́. Òógùn ń yọ, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá ń rí i. Ṣùgbọ́n bóòtù tí wọ́n ti fún bó ṣe yẹ níjọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n bá ń fún un lé e lórí lọ́dọọdún, á nà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí bọ́ọ̀sìbà bá jẹ́ álúmíníọ̀mù, irin rírọ̀ náà á tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ibi ìfarakanra á sì dẹ̀ nígbà tí ooru bá ń mú un wú tó sì ń sún kì. Ọdún méjì ṣáájú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìtọ́jú, a ti rí ìsopọ̀ kan ní apá 415 V tó fi 34 °C gbóná ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà náà, mo kọ ọ́ pé bóòtù tú. Lónìí mo mọ̀ pé àwa la tú u.

Kámẹ́rà tó ń rí ooru la fi rọ́pò sípánà, iná wà lórí, ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì kò sì ní ìdí láti ṣí níbi tí a bá ti ri gíláàsì àkànṣe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà náà a máa tan aláìmọ̀kan jẹ. Bàbà tó ń dán kì í fi ooru ara rẹ̀ hàn. Ooru ohun tó kọjú sí i ló ń dá padà bíi díńgí. Lójú kámẹ́rà, bàbà dídán tó gbóná janjan lè rí bí ohun tútù. A lẹ téèpù dúdú kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí iná kò sí, téèpù náà là ń wò.

Lóòdù ni ìṣòro kejì. Ooru ìsopọ̀ tó ní àbùkù ń tẹ̀ lé iná ní ìlọ́po ara rẹ̀: bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ iṣẹ́ kan mú àwòrán wá pé ìsopọ̀ kan fi 9 °C ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ní kò tó nǹkan. Mo bi í pé lóòdù jẹ́ mélòó. Ìdajì ni. Nígbà tí lóòdù bá kún, 9 yẹn lè súnmọ́ 36. Ìlànà NETA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń dán ẹ̀rọ iná wò, ní bí ìyàtọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ń ru lóòdù kan náà bá ti ju 15 °C lọ, kí wọ́n tún un ṣe kíá. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í gba àwòrán ooru tí wọn kò kọ lóòdù sí abẹ́ rẹ̀.

Tíránsífọ́mà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A ò ṣí i mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ là ń gbà: epo díẹ̀ lọ́dún, nínú ìgò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, lọ sí ilé ìdánwò. Gáàsì inú epo náà ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Acetylene ń sọ pé iná ti fò nínú rẹ̀. Ethylene ń sọ pé irin kan gbóná kọjá ààlà. Carbon monoxide ń tọ́ka sí bébà tó wé wáyà. Fún irú tíránsífọ́mà tiwa, epo tí kò lè fara da 30 kV nínú ìdánwò IEC 60156, ìlànà àgbáyé fún dídán epo wò, ó ti tó àkókò láti wá nǹkan ṣe sí i. Bí iye náà ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún là ń wò ju iye ọjọ́ kan lọ. Kí ẹni tó ń gba epo má sì gbàgbé láti dà èyí àkọ́kọ́ nù, torí omi àti ìdọ̀tí ẹnu fọ́ọ̀fù ló máa ń wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún?

Máníjà tó ń rí sí iṣẹ́ ọjà ṣíṣe fẹ́ ká pa ọjọ́ mẹ́rin tí à ń ti iná pa lọ́dọọdún rẹ́ pátá. Ẹni tó ń mójú tó ààbò fẹ́ ká má yí ohunkóhun padà, torí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ìwé wò á béèrè pé kí ló dé tí a dín ìtọ́jú kù. Mo bá àwọn méjèèjì kẹ́dùn. Ìdáhùn mi fún èkejì ni pé àwọn ìlànà gan-an ti ń lọ síbi tí à ń lọ. Ní 2023, NFPA 70B, ìwé Amẹ́ríkà lórí ìtọ́jú ẹ̀rọ iná, tó ti jẹ́ ìmọ̀ràn látijọ́, di ìlànà. Ó ní ká wo ẹ̀rọ lọ́nà mẹ́ta: bí ara rẹ̀ ṣe rí, bí ìṣòro tó lè fà ṣe tó, àti bí àyíká rẹ̀ ṣe rí, ká sì fún un ní ipò kìíní, kejì tàbí kẹta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan; èyí tó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa sọ iye ìgbà tí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí àwòrán ooru má ju oṣù 12 lọ, kó sì jẹ́ oṣù 6 fún èyí tó wà ní ipò kẹta. Nítorí náà, a kò dín ìtọ́jú kù. A gbé e kúrò lára èyí tí kò nílò rẹ̀ lọ sára èyí tó nílò rẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ṣírò rẹ̀ kò le. Ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́ a máa fi àmì hàn kó tó bàjẹ́. Àkókò tó wà láàárín àmì àti ìbàjẹ́ ni kí o mọ̀. Bí o bá ń wò ó lẹ́ẹ̀méjì láàárín àkókò yẹn, yóò ṣòro kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Gíríìsì kì í dì lóru ọjọ́ kan. Oṣù púpọ̀ ló ń gbà á. Torí náà, bírékà tí kò bá já fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, a máa pàṣẹ kó já lẹ́ẹ̀kan, kíláǹpù á wà lórí wáyà kọ́ìlì rẹ̀. Èyí tó bá ti já nítorí ìṣòro tàbí nítorí iṣẹ́, a ò ní dán an wò rárá: relay ti wọ̀n ọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti ń wọ̀n ọ́n láti ọjọ́ tí a ti rà á, a kàn ń fi àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ títí tuntun fi ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Ní báyìí, ọmọ iṣẹ́ kan ń fà á jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìlà kan péré ló ń kọ: ọjọ́, pánẹ́ẹ̀lì, àkókò.

Àwọn bírékà méje tó lọ́ra gba iṣẹ́ gidi. A tú ìkọ́ wọn, a fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò pátápátá, a fi irú gíríìsì tí ìwé àwọn tó ṣe é dárúkọ sí i, níwọ̀n tí wọ́n sọ. Ọjọ́ kan gbáko ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Agolo epo fífọ́n ti kúrò nínú yàrá iná. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kó wọn jáde, ó ní kí wọ́n lọ fi tú bóòtù ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin tí à ń ti iná pa ti di ọjọ́ kan ààbọ̀, kò sì sí ìgbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń ṣókùnkùn pọ̀ nínú rẹ̀. Kébù méjì mìíràn ti bẹ́ láti ìgbà náà. Pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ nìkan ló já nígbà kọ̀ọ̀kan, 47 ms àti 49 ms.

Ohun tí kò tíì yé mi ni pánẹ́ẹ̀lì 6. Ó wà lára àwọn tó gba gíríìsì tuntun. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìjá àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 58 ms. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mìíràn, 71. Àwòrán kọ́ìlì rẹ̀ kò jọ ti pánẹ́ẹ̀lì 11: ọ̀pá kọ́ìlì gan-an ló pẹ́ kó tó gbéra, ní 31 ms dípò 14. Ó lè jẹ́ ọ̀pá náà ló ń ha ara ihò rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìsopọ̀ kan ló ń jẹ fóltéèjì lójú ọ̀nà. A ti ra kọ́ìlì tuntun, ó wà nínú páálí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni àyè máa yọ láti pa á, a sì ti so pátákó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ìwé ọwọ́ Bàbá ni: "Ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó wọ̀n ọ́n."